Ta Ló Ń Jẹ Dátà Mi? Ìbéèrè Yín Lórí Hotspot

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tá a ti ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń pín dátà orí fóònù fún ẹ̀rọ míì, ọ̀rọ̀ dátà tó ń yára tán ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn la sì máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Dátà tí mo ń rà sórí fóònù máa ń tó mi lò dáadáa, àmọ́ ọjọ́ tí mo bá ti ṣí hotspot fún láptọ́ọ̀pù báyìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ mi ò wo fíìmù o, lẹ́tà lásán ni mo ń tẹ̀. Ṣé wọ́n ń jí i ni?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó jí dátà yín o, láptọ́ọ̀pù yín ló ń jẹ ẹ́, kò kàn jẹ ẹ́ lójú yín ni. Ohun tó fà á ni pé Wi-Fi ló rí, kò rí fóònù, kò sì mọ̀ pé dátà tẹ́ ẹ fowó rà díẹ̀díẹ̀ lòun ń lò, torí ẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ti ń sún síwájú látọjọ́ yìí ló máa fẹ́ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Windows á máa fa àpúdéètì wálẹ̀, OneDrive, ibi ìtọ́jú fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa kó fótò àti fáìlì lọ sókè, áńtífáírọ́ọ̀sì náà ò ní gbẹ́yìn, tẹ́ẹ̀bù rẹpẹtẹ tẹ́ ẹ ṣí kalẹ̀ tẹ́ ò sì wò mọ́ á máa tún ara wọn ṣí. Gbogbo ìyẹn ń lọ lábẹ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ lẹ́tà yín jẹ́jẹ́. Àpúdéètì Windows ńlá kan ṣoṣo lè gbé ọ̀pọ̀ GB lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kì í wọ̀ rèé: tẹ́ ẹ bá ti wà lórí hotspot yẹn, ẹ lọ sí Settings nínú Windows, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ properties sí fún hotspot yín, kẹ́ ẹ tan Metered connection. Láti ìgbà yẹn lọ á mọ̀ pé wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn dátà yìí, àpúdéètì tó tóbi á dúró, OneDrive náà sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é fún hotspot kan, kọ̀ǹpútà á rántí. Tó bá jẹ́ Mac ni, Low Data Mode lẹ máa wá nínú sétíńgì Wi-Fi. Fóònù sàn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Android tó bá wọ hotspot Android bíi tiẹ̀ sábà máa ń mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, láptọ́ọ̀pù gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ti fíìmù tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ fọwọ́ yín dín bí àwòrán ẹ̀ ṣe mọ́ kedere tó (quality) kù, ẹ má fi sí Auto. Fídíò tó ń ṣeré jẹ́jẹ́ lójú fóònù kékeré á fẹ́ mọ́ rekete tó bá ti dé ojú láptọ́ọ̀pù, Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan HD lè jẹ tó 3 GB, ti 4K lè tó 7.

Ìbéèrè: Fóònù ìyàwó mi ń rí hotspot mi, àmọ́ láptọ́ọ̀pù mi tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ò rí i rárá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ó jọ pé orí 5 GHz, ìyẹn ọ̀kan nínú ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń gbà, ni hotspot yín wà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò sì gbọ́ nǹkan míì ju 2.4 GHz lọ. Lórí Android, ẹ wọ sétíńgì hotspot, ẹ wá Band, kẹ́ ẹ yí i sí 2.4. Lórí iPhone 12 sókè, Maximize Compatibility lẹ máa tàn. 2.4 ò yára tó 5, àmọ́ ó máa ń dé ọ̀nà jíjìn, ògiri ò sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Tó bá wá rí i tán tó ń kọ password tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé òun ni, ẹ wo Security, bóyá WPA3, irú ààbò tuntun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ò mọ̀, ló wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sí WPA2. iPhone tún ní wàhálà tiẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé Personal Hotspot sílẹ̀ títí ẹ̀rọ kejì á fi wọlé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, hotspot ni mo fi ń ṣe kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi máa ń gbóná gan-an, bátìrì ẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ wìì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi Wi-Fi sílẹ̀ jàre, wáyà ni kó o lò. Tó o bá ṣí hotspot, fóònù á máa bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ lápá kan, á tún máa bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ lápá kejì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá wá dáa níbi tó o wà agbára tó máa lò á tún pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni ooru yẹn ti ń wá. Wáyà USB gba iṣẹ́ Wi-Fi kúrò lọ́rùn ẹ̀, ó ń cháàjì ẹ̀, kì í sì í já bọ̀rọ̀. Ki wáyà bọ̀ ọ́ kó o tó lọ sí Hotspot & tethering lórí Android, torí USB tethering ò ní ṣeé tẹ̀ tí wáyà ò bá tíì wọlé. Tó bá ṣì kọ̀, pààrọ̀ wáyà, àwọn wáyà kan wà tí cháàjì nìkan ni wọ́n lè ṣe. Tó bá jẹ́ Mac lo ní, ọ̀pọ̀ Android ni kì í bá a ṣiṣẹ́ báyìí. Bọ́ ìbòrí fóònù, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, má ki í bọ abẹ́ pílò o. Bluetooth náà lè pín dátà, kì í jẹ bátìrì púpọ̀, àmọ́ ó lọ́ra ju ohun tí kíláàsì tó ní fídíò lè gbà.

Ìbéèrè: Mo fún ẹnì kan ní password hotspot mi nígbà kan, ó dà bíi pé ó ṣì ń wọlé. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn: Fóònù ẹ̀ ti rántí password yẹn ni, ó lè má tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń wọlé. Ẹ yí password padà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á já, ẹ ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀pọ̀ Android máa ń fi ẹ̀rọ tó wọlé hàn yín. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o, kì í ṣe dátà nìkan, ohunkóhun tí ẹni yẹn bá ṣe lórí ẹ̀, láìnì yín ló máa fi hàn pé ó ti wá.

Ìbéèrè: Tí mo bá tan VPN, áàpù tó ń fi ohun tí mò ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́, sórí fóònù Android mi, ṣé láptọ́ọ̀pù tó wà lórí hotspot náà ti wà lábẹ́ ẹ̀?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá o. Ẹ fi VPN sórí láptọ́ọ̀pù náà lọ́tọ̀.