Omi dúdú tó ń ṣàn jáde lọ́gbà bayogáàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóko wa n'Íkẹ̀rẹ́-Èkìtì, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ la fi ń ṣe gáàsì. Tánkì rẹ̀ gba lítà 50,000. Bí òjò bá ti rọ̀, omi dúdú á ṣàn láti ibi tí a ń kó ìgbẹ́ sí lọ sódò, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti ń ráhùn. Ṣé ká gbẹ́ sọ́kàwéè fún un ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ sọ́kàwéè. Abẹ́ ilẹ̀ lomi yẹn á gbà lọ bá kànga àwọn aládùúgbò. Nínú odò, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin rẹ̀ á lo atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á sì kú. Ti èèpo ẹ̀gẹ́ tún le jù: ó kan, ó sì ní májèlé nínú.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wo ibi tí omi ti ń wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí páànù ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Omi mímọ́ ni, àfi bó ṣe já sínú ìgbẹ́. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ mítà 1 sí mítà 1 jẹ́ lítà 1. Bí ibi ìgbẹ́ yín bá jẹ́ mítà 10 sí 12, òjò ńlá kan tó tó mìlímítà 50 á mú lítà 6,000 wá. Bí òrùlé mítà 20 sí 15 bá ń da tirẹ̀ síbẹ̀, ó di lítà 21,000! Nítorí náà, gọ́tà òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí omi rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Èyí tó ń ti orí àpáta ṣàn bọ̀, ẹ fi kòtò yà á kó tó dọ́gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ da kọnkéré síbi ìgbẹ́, kó dagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Omi rẹ̀ á kọ́kọ́ gba kòtò kékeré tí iyanrìn á ti rì sísàlẹ̀, kó tó bọ́ sí kòtò ńlá: mítà 2 sí 2, kó jìn ní 1.8, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì dé e.

Ẹ má da omi náà sí tánkì gáàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgbẹ́ bá ní láti lo ọjọ́ 40 nínú rẹ̀, lítà 1,250 ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Lítà 6,000 lójijì á ti ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà jáde pẹ̀lú kòkòrò tó ń ṣe gáàsì, iná yín á sì rẹlẹ̀. Ẹ máa fi bíi lítà 600 po ìgbẹ́ lójoojúmọ́ dípò omi bọ́hòlù. Ọjọ́ 10 ló máa gbà. Ní oṣù September, òjò mìíràn lè dé kó tó tán, ẹ fi pọ́ǹpù fa ìyókù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jìnnà sódò àti kànga, kì í ṣe lọ́jọ́ tójò ṣú. Omi ọṣẹ tàbí apakòkòrò tí ẹ fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ tánkì gáàsì láé.

Bí kòtò bá kún fún ẹrọ̀fọ̀, òde ni kí ẹ ti fà á. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀. Gáàsì olóòórùn ẹyin bàjẹ́ tó wà níbẹ̀, bó bá pọ̀, imú kì í gbọ́ ọ mọ́, ó sì ń pànìyàn kó tó ráyè ké.