Ikọ́ tí ò lọ lára ẹni tó ń ṣe dàyálísíìsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Kídìnrín bàámi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń gbé wọn lọ ṣe dàyálísíìsì, ìyẹn kí ẹ̀rọ bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń wúkọ́, ara wọn máa ń gbóná lálaalẹ́, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ, wọ́n sì ti rù gan-an. A ra oògùn ní kẹ́mísì títí, kò gbọ́. Àwọn kan ní kídìnrín náà ló ń fà á, ẹ̀gbọ́n wọn ní òtútù ni, ká se àgbo. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn lágbo kankan, àwọn àgbo kan máa ń ba kídìnrín tó dáa pàápàá jẹ́, omi inú ẹ̀ náà á sì tún lọ kún ara wọn.

Lóòótọ́, oríṣìíríṣìí nǹkan ló ń fa ikọ́ fún ẹni tó ń ṣe dàyálísíìsì. Omi tó bá pọ̀ lára máa ń fà á, pàápàá téèyàn bá dùbúlẹ̀, ìyẹn máa ń dẹwọ́ tí ẹ̀rọ bá ti fa omi náà jáde. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú ara gbóná lálaalẹ́ fún oṣù kan nínú méjèèjì, torí náà TB lọkàn mi lọ sí, ìyẹn ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Tí kídìnrín bá ti kọṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á máa ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á wá dínkù, kòkòrò TB tó ti sùn sára látọdún gbọ́ọrọ́ á wá rí àyè jí. Ẹ̀rọ ò lè fọ gbogbo ìdọ̀tí yẹn tán, àgàgà tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé rírù àti àìlèjẹun tí TB ń fà ni kídìnrín náà ń fà, làwọn ẹbí á bá máa sọ pé kídìnrín ni, kídìnrín ni, oṣù á sì máa gorí oṣù. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wú ẹ̀jẹ̀ jáde o, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní TB kì í wú ẹ̀jẹ̀ rárá, ó tiẹ̀ lè jẹ́ kókó ọrùn tàbí inú ikùn ló sápamọ́ sí.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ ya fọ́tò àyà kẹ́ẹ sì ní kí wọ́n fi GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò TB, yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò, ọ̀fẹ́ ni ní ibùdó TB ìjọba, oògùn ẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò tí ò sì wú, ẹ má fọkàn balẹ̀, ara tó ti rẹ̀ lè má dáhùn.

Tó bá jẹ́ TB, oṣù 6 ó kéré tán ni wọ́n á fi lo oògùn. Ẹ jẹ́ kí dókítà kídìnrín mọ̀ sí i, torí pyrazinamide àti ethambutol, méjì nínú oògùn TB, kì í ṣe ojoojúmọ́ fún wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò lórí ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń lò ó. Rifampicin, oògùn TB mìíràn, lè sọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, di aláìlágbára, ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ẹ sọ fáwọn nọ́ọ̀sì dàyálísíìsì náà kíá, kí bàbá lo ìbomú, torí àwọn tó ń jókòó tì wọ́n níbẹ̀ náà ò lágbára. Ẹ má torí ẹ̀ pa dàyálísíìsì kankan jẹ.

Tó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n kì bọ ọrùn láti so ẹ̀rọ mọ́ wọn ni wọ́n ń lò, tí òtútù bá ń mú wọn gbọ̀n bí wọ́n bá ti so ẹ̀rọ mọ́ wọn, kòkòrò lè ti wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gbabẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ pe dókítà.

Ti owó, ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2025 pé àwọn dín owó dàyálísíìsì kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ọsibítù wọn kan, FMC Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ á lè ṣeé ṣe fún bàbá.