Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láti Kánádà lẹ ti fẹ́ ra ilé búrẹ́dì kan l'Ékòó, pé ẹni tó ń tà á sọ pé ṣọ́ọ̀bù wà lára ohun tí òun ń tà. Ṣé òun ló ni ilé ni, àbí ó ń san rẹ́ǹtì?

Tó bá jẹ́ rẹ́ǹtì ni, àdéhùn òun àti onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà wò. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kéékèèké, orúkọ ìṣòwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ ìṣòwò kì í ṣe ẹ̀dá lójú òfin. Ẹni tó buwọ́ lùwé gan-an ni ayálégbé. Bó bá ti kó jáde, kí ló kàn yín kan onílé? Àmọ́ tó bá jẹ́ kọ́ḿpínì tó ní Ltd nídìí ló gba ilé, tí ẹ sì ra ṣíà rẹ̀ (ìpín tó sọ yín di ẹni tó ni ín), kọ́ḿpínì yẹn ṣì ni ayálégbé. Síbẹ̀, ẹ ka ìwé náà tán, torí àwọn onílé kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ḿpínì ò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé àwọn gbọ́ sí i.

Ojú mi rí i. Ilé ìfọṣọ ni mo rà nígbà kan, ejẹ́ǹtì ló fọwọ́ sí ìwé fún mi. Oṣù kejì ni onílé gangan yọ, àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún rẹ́ǹtì ọdún kan san.

Tó bá sì jẹ́ òun ló ni ilẹ̀, kí lọ́yà tiyín (kì í ṣe tiẹ̀ o!) lọ yẹ ìwé wò ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Alausa, kí súfíyọ̀ (ẹni tó ń wọn ilẹ̀) sì wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí Gómìnà fún onílẹ̀), abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àṣẹ Gómìnà. Abala 26 ní òfo ni títà tí kò bá òfin yẹn mu.

Ìwé àṣẹ tí ẹ máa fún àbúrò yín kó lè buwọ́ lùwé dípò yín l'Ékòó, ẹ buwọ́ lù ú níwájú nótárì (ẹni tí òfin gbà kó jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé) ní Kánádà níbẹ̀ yẹn. Kó tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó rìn dé ẹ̀yìn ilé. Ẹ wo ògiri bóyá wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa X sí i, àmì pé ìjọba lè fẹ́ wó o. Kó ka nọ́ńbà mítà síta, kí ẹ fi béèrè gbèsè iná.

Bí ẹni yẹn bá ní ẹ má tíì rí onílé àfi tí owó bá ti wọlé, ẹ dá owó yín dúró.