Báwo ni sátẹ́láìtì Swift ṣe ń mọ ibi tí ìbúgbàù gáńmà (ìtànṣán alágbára tó ń bú jáde lójijì láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run) ti wá?

Òjìji ni Swift, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, fi ń mọ̀ ọ́n. Díńgí kò lè kó ìtànṣán gáńmà jọ sójú kan, ńṣe ló máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n wá tẹ́ nǹkan bí 52,000 ègé òjé pẹlẹbẹ tó ń dí ìtànṣán náà, láìtò wọ́n dọ́gba. Ní mítà kan sísàlẹ̀ ni 32,768 ègé kéékèèké tó ń ka ìtànṣán wà. Ibi tí ìtànṣán bá gbà wọlé ló ń sọ ibi tí òjìji òjé yóò bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ a fi èyí ṣírò ọ̀nà náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Swift yóò wá fúnra rẹ̀ yíjú síbẹ̀, ó sábà máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìbúgbàù mìíràn kì í pé ìṣẹ́jú àáyá méjì, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń kú lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni awò X-ray tó wà lára Swift ń lé. Àmọ́ bí oòrùn, òṣùpá tàbí Ayé bá sún mọ́ ibẹ̀ jù, kò ní yí.