Ṣé mílíìkì tó dì ni wàrà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Ìlọrin ni wá, Birmingham la ń gbé. Níléèwé, wọ́n ti kọ́ àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún méje, ní ohun líle, ohun olómi àti afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kan màmá mi ń se wàrà, a jọ ń wò wọ́n lórí fóònù. Táíwò ní mílíìkì ló dì bíi yìnyín yẹn. Kẹ́hìndé ní irọ́ ni, ṣebí iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kẹ́hìndé ló jàre, ẹ bá mi yìn ín. Ohun tí òtútù bá mú dì, ooru á tún yọ́ ọ, ohun kan náà ló ṣì jẹ́. Wàrà kì í padà di mílíìkì. Oje ewé bòmúbòmú tí màmá dà sí mílíìkì gbígbóná ló mú kí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ so mọ́ra, tó sì ya kúrò lára omi. Ẹ ní kí màmá fi omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò han àwọn ọmọ.

Àmọ́ òróró àgbọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣàn nínú ìgò n'Ílọrin, tó sì jẹ́ pé síbí lẹ fi ń wà á lọ́hùn-ún nígbà òtútù. Ẹ bù ú sínú ife kékeré méjì, kí ọ̀kan wọ fíríìjì, kí Táíwò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di èkejì mú títí tí yóò fi máa yọ́ létí ife. Ẹ wá pààrọ̀ wọn.

Tí wọ́n bá bi yín ní ìdí rẹ̀, Yídì ni mo fi ṣàlàyé fún tèmi. Nígbà tí èrò bá tò, tí èjìká kan èjìká, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń dìde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kúrò lójú kan. Bí àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ inú ohun líle ṣe ń gbọ̀n nìyẹn. Tí wọ́n bá kírun tán, tí wọ́n ń yọ́ gba ara wọn kọjá, ti olómi nìyẹn. Nígbà tí kálukú bá wá túká, ẹni kan sí Pàkátà, ẹni kan sí Òkèlélé, ti afẹ́fẹ́ nìyẹn. Èèyàn kan náà ni gbogbo wọn látìbẹ̀rẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ ló máa ń ṣòro jù, torí ojú kì í rí i. Nígbà tí kẹ́tù bá ń hó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lókèèrè wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Àlàfo díẹ̀ wà níbẹ̀ tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan: omi tó ti di afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Funfun tó tẹ̀ lé e ti tún di omi padà, ẹ̀kán wẹ́wẹ́ ni. Ẹ sì sọ fún wọn pé kò dìgbà tí omi bá hó; aṣọ tí à ń sá nígbà ọ̀yẹ́ kì í rí iná kó tó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ se wàrà. Ẹ má wá bòmúbòmú kiri o, oje rẹ̀ tútù ní májèlé, ó sì léwu fún ojú. Ẹ gbé mílíìkì olómi kaná, tó bá hó, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le. Ẹ wá gé e, kí ẹ dín in níṣojú Táíwò. Á pọ́n, kò ní yọ́.
Ìyá Àríkẹ́, Toronto