Èsì: Ṣé kí n pààrọ̀ Steam Deck (ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé) mi tó ní ojú LCD sí èyí tó ní ojú OLED?
Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ torí kí géèmù lè yá sí i ni, ẹ má náwó yín. Agbára méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ojú (screen) àti bátìrì ti OLED ni wọ́n tún ṣe jù: iye ìgbà tí àwòrán ojú rẹ̀ lè yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò ní 60 (60Hz) di 90 (90Hz), iná tí bátìrì rẹ̀ ń gbà sì kúrò ní 40Wh di 50Wh. Bí ẹ bá ń gbá géèmù lóru, ẹ ó rí i pé dúdú ti LCD ń rí bí eérú. Ti OLED dúdú kirikiri, torí iná ibẹ̀ ń kú pátápátá. Ojú yẹn wù mí gan-an ni.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àyè láti kó géèmù sí ló há, SSD 2230 (ibi ìpamọ́ kékeré tó ń wọ inú ẹ̀rọ náà) ni kí ẹ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ káàdì microSD kí ẹ tó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káàdì náà lè kán sí méjì.