Ìbéèrè Yín: Pàṣípààrọ̀ Ọ̀dọ́ Tí Kò Rí Ààyè Gbá Bésíbọ́ọ̀lù

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, bí ọ̀dọ́ kan nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti pegedé, àmọ́ tí àgbà kan ti jókòó sí ipò rẹ̀, kí ni kí ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè bí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀? (Òǹkàwé kan, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣaláìní ni kí wọ́n béèrè, kì í ṣe orúkọ tó ń dún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ẹgbẹ́ Cincinnati Reds ní Yonder Alonso, ọ̀dọ́ kan tó ń ṣọ́ ibùdó kìíní, ṣùgbọ́n àgbà kan, Joey Votto, ló ti wà ní ipò yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ nípò. Wọ́n kó Alonso àti àwọn mẹ́ta mìíràn fún San Diego Padres, wọ́n sì gba Mat Latos, ajubọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 24 tó ṣì ku ọdún mẹ́rin kí ó tó lómìnira láti lọ síbòmíràn. Ó borí nínú eré 14 ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tó kù fún un yẹn gan-an ni mo kà sí pàtàkì jù.

Síbẹ̀, mẹ́rin fún ẹyọ kan wọ́n lójú mi. Ẹ wo ìyá tó ń ta tòmátì ní ọjà Odò-Ògbè nírọ̀lẹ́: bí oníbàárà bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó rí i pé ó ti ń rọ̀, iye tó wù ú ni yóò dá lé e. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tètè dúnàádúrà, nígbà tí ọ̀dọ́ náà ṣì ń ṣe dáadáa.